Òkúta búlúù tí wọ́n fẹ́ tà fún mi: ṣé túmálíìnì Ìjerò ni lóòótọ́?

ỌmọAdó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ nípa òkúta tètè dá mi lóhùn torí ẹni tó fẹ́ tà á ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun ò ní dúró dè mí, pé ẹlòmíì ti ń bèèrè.

Ọkùnrin kan tá a jọ mọra lọ́jà l'Ádó níbí ló gbé òkúta yìí wá. Ó ní ọwọ́ àwọn tó ń wa kùsà l'Ìjerò lòun ti rà á, pé túmálíìnì búlúù ni, òkúta iyebíye, èyí tó wọ́n jù nínú àwọn túmálíìnì. Gbogbo wa la mọ̀ pé túmálíìnì wà l'Ìjerò, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn, ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ ẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Àmọ́ owó tó ń pè kì í ṣe owó kékeré, èmi àtìyàwó mi la fẹ́ jọ dá a, ká tún un tà fáwọn tó ń ra jẹ́ḿsítóònù.

Bó ṣe rí rèé: ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó búlúù gan-an bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ó ń dán bíi gíláàsì, tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn ẹ̀ iná ń gba inú ẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Àwọn ojú ẹ̀ tẹ́jú, àmọ́ gbogbo ẹ̀ dagun, kò sí igun kan tó dúró gún régé. Ní etí kan, lẹ́búlẹ́bú funfun kan wà lára ẹ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ tí mo bá fìka rà á. Ọkùnrin yẹn ní ẹrẹ̀ inú kòtò ni, pé kí n má fomi fọ̀ ọ́ o, pé omi á ba dídán ẹ̀ jẹ́. Ohun tó wá ń kọ mí lóminú nìyí: ìyàwó mi ti fi aṣọ tútù nù ún kí n tó dé, aṣọ yẹn sì ti di búlúù níbi tó fi kàn án. Ṣé túmálíìnì máa ń ṣí báyìí ni? Ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí di ọ̀la, mo lè yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́ ẹ bá sọ bí mo ṣe máa ṣe é.

TísàKẹ́mísìrì:
Àbúrò, má san kọ́bọ̀. Aṣọ tí ìyàwó ẹ fi nù ún ti dáhùn. Túmálíìnì kì í yọ́ nínú omi, rì í sómi lọ́dún kan, bí omi yẹn ṣe wà lo máa bá a. Èyí tó ń fi búlúù sára aṣọ tútù tó sì tún ń hu funfun létí, kọ́pà sọ́fétì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Iyọ̀ bàbà (kọ́pà) ni, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú ilẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá fúnra ẹ̀, chalcanthite ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é, tó bá sì jẹ́ làábù tàbí ilé iṣẹ́ ló ti wá, kọ́pà sọ́fétì náà ni, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé lẹ́búlẹ́bú funfun yẹn torí òun ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tó o kọ. Nínú kírísítà yìí, ìyẹn òkúta tí ohun inú ẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, fún kọ́pà kan àti sọ́fétì kan (sọ́fọ̀ àti ọ́síjìn tó so pọ̀), omi márùn-ún ló wà níbẹ̀. Omi gidi ni mò ń sọ. Tó o bá wọn ọgọ́rùn-ún gíráàmù, bíi gíráàmù 36 nínú ẹ̀ omi ni, àmọ́ o ò ní rí i kó rin ọ́ lọ́wọ́ torí ó ti so mọ́ àwọn yòókù. Mẹ́rin nínú omi yẹn rọ̀gbà yí kọ́pà ká, ìkarùn-ún wà lọ́dọ̀ sọ́fétì. Bí àwọn mẹ́rin yẹn ṣe yí kọ́pà ká ló jẹ́ kó máa gba apá pupa nínú ìmọ́lẹ̀ sára, tó wá ń jẹ́ kí búlúù kọjá wá sójú wa. Tó o bá lé omi yẹn lọ, búlúù náà á bá a lọ. Nínú ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ dáadáa, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìta wá sínú, ibi tó bá ti kúrò á funfun, á sì máa bọ́ bí ìyẹ̀fun. Nítorí náà funfun tó o rí yẹn kì í ṣe ẹrẹ̀ rárá, ara òkúta náà ni, omi ló ti kúrò níbẹ̀.

Bó o ṣe máa mọ̀ dájú: bu èyí tó kéré gan-an nínú ẹ̀, bí ẹyọ ìrẹsì kan ti tó, fi sínú síbí àtijọ́ tẹ́nikẹ́ni ò ní fi jẹun mọ́ láyé, gbé e sórí iná sítóòfù tó rọlẹ̀, níta gbangba. Láti bíi 63°C ni omi méjì àkọ́kọ́ á ti máa lọ, méjì míì á tẹ̀ lé e tó bá ti kọjá bí 109°C, èyí tó kẹ́yìn ò ní kúrò títí á fi tó bíi 200°C. Wà á rí i tí búlúù yẹn á máa ṣí títí á fi funfun. Má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná o, torí tí iná bá pọ̀ jù ó máa di dúdú, èéfín tó máa yọ á sì ta ọ́ nímú dé àyà. Gbé e sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ kó tutù, kó o wá kán omi kan sí i. Tó bá padà di búlúù lójú ẹ, tí síbí náà sì gbóná díẹ̀ sí i, o ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ. Ọdọọdún ni mo máa ń ṣe èyí níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, àwọn tó ti ń sùn náà á dìde dúró, torí kò sẹ́ni tó ń rò pé búlúù yẹn á padà.

Má tọ́ ọ wò lẹ́nu o! Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń fi ahọ́n kan òkúta. Má ṣe é.

AwakùsàÌjerò:
Mo kí tísà. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi láti ẹnu iṣẹ́.

ỌmọAdó, ọmọ Ìjerò ni mí, iṣẹ́ kùsà ni mò ń ṣe, mo ti fọwọ́ kan túmálíìnì dúdú, aláwọ̀ ewé, èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti búlúù. Túmálíìnì tí a bá wú jáde nílẹ̀ máa ń gùn bí ọ̀pá, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà lára ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó o bá fìka rà á wà á gbọ́ ọ lọ́wọ́. Tó bá kán, wo ojú ibi tó kán, igun mẹ́ta tó wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lo máa rí. Èyí tó o ṣàpèjúwe yẹn, tó dagun tójú ẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ láìní ìlà, kò jọ ọ́ rárá.

Wo líle ẹ̀. Lórí ìdíwọ̀n líle òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, túmálíìnì wà ní 7 sí 7.5, abẹ́rẹ́ irin ò lè ṣe é ní nǹkan kan, òun gan-an ló máa ha gíláàsì. Kọ́pà sọ́fétì yìí ò ju 2.5 lọ, bákan náà ló rí pẹ̀lú èékánná ẹ. Fi abẹ́rẹ́ ha á níbi tí kò hàn, tójú ibẹ̀ bá ya, o mọ̀ pé kì í ṣe túmálíìnì.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? Túmálíìnì wúwo, ìlọ́po mẹ́ta omi ni, nígbà míì ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kọ́pà sọ́fétì ò ju bíi 2.28 lọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé o ò lè rì í sómi torí ó máa yọ́, kẹrosínì ni kó o lò, kò ní yọ́ nínú ẹ̀. Gbé abọ́ kẹrosínì sórí síkéèlì tó ń fi nọ́ńbà hàn, tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, so òkúta náà mọ́ òwú, rì í sínú ẹ̀ kó má kan ìsàlẹ̀ abọ́. Nọ́ńbà tó bá gbé jáde, pín in sí 0.8 torí kẹrosínì fúyẹ́ ju omi lọ, ìyẹn lo máa fi pín ìwọ̀n òkúta náà ní gbígbẹ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́.

Ohun kan ṣì kù tójú lè rí. Túmálíìnì búlúù, gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kó o máa yí i, lọ́nà kan á búlúù, lọ́nà míì á dúdú tàbí kó máa ṣe bí ewé, wà á rò pé òkúta méjì ni. Kọ́pà sọ́fétì, bó o ṣe yí i tó, búlúù kan náà ni lójú lásán.

ỌmọAdó:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ lálẹ́ yìí, èmi àtìyàwó mi lẹ́yìn ilé.

Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́. Ó wọ inú ẹ̀ bí ẹní ń ha ọṣẹ ni, mi ò tiẹ̀ lo agbára, ohun tó ń bọ́ jáde sì funfun tó kàn ní búlúù díẹ̀díẹ̀ nínú, kò búlúù bí òkúta yẹn fúnra ẹ̀, ìyẹn yà mí lẹ́nu. Síkéèlì ìyàwó mi tó fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì la lò, a fi ọ̀rá bò ó. Òkúta gbígbẹ jẹ́ gíráàmù 58, nínú kẹrosínì nọ́ńbà tó jáde jẹ́ 20. Mo pín 20 sí 0.8 ó fún mi ní 25, mo pín 58 sí 25 ó fún mi ní 2.32. Kò tiẹ̀ súnmọ́ 3 rárá.

Ti síbí yẹn wá ni ìparí ọ̀rọ̀. Ẹyọ kékeré yẹn kọ́kọ́ ń ṣí létí, ó wá ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, láìpẹ́ gbogbo ẹ̀ ti funfun bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n kùnnà dáadáa. A jẹ́ kó tutù. Ìyàwó mi fi ìka kán omi sí i, kíá ló bú jáde ní búlúù, láti àárín síta, ooru ẹ̀ kàn mí lọ́wọ́ láti abẹ́ síbí. Tísà, ẹ ò parọ́!

Ìbéèrè mi báyìí ni pé ṣé ó ṣì lè jẹ́ pé inú kòtò l'Ìjerò ni wọ́n ti wà á, pé òun tó ń tà á kàn ṣì í mọ̀ ni? Mi ò fẹ́ fẹ̀sùn kan èèyàn tí kò ṣe nǹkan. Kí ni mo sì fẹ́ fi ìyókù tó wà lọ́wọ́ mi ṣe, ọmọ kékeré wà nílé.

JiọlọjíÒdo-Adó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Jiọ́lọ́jì ni mò ń kà, mo sì nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Bọ̀dá, kò lè jẹ́ inú kòtò Ìjerò. Iyọ̀ tó yọ́ báyìí, nǹkan bíi gíráàmù 32 ló ń yọ́ nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà omi tútù lásán, omi gbígbóná sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Báwo ló ṣe fẹ́ la òjò Èkìtì já? Ọ̀kan ṣoṣo nínú òjò oṣù kẹfà ti tó láti gbé e lọ. Ibi tí chalcanthite ti ń wà nílẹ̀ ni ibi tó gbẹ táútáú, bíi aṣálẹ̀ apá àríwá Ṣílè, ní Chuquicamata níbi tí wọ́n ti ń wa kọ́pà. Níbẹ̀, àwọn òkúta tó ní kọ́pà àti sọ́fọ̀ nínú á bá afẹ́fẹ́ àti omi díẹ̀ pàdé, wọ́n á yí padà, omi tó jáde nínú ẹ̀ á gbẹ, búlúù á kù sílẹ̀. Ó tún máa ń hù sára ògiri inú kòtò kùsà àtijọ́ láwọn orílẹ̀-èdè kan. Òkúta tiwa l'Ìjerò yàtọ̀, òkúta gbígbóná tó tutù sínú ilẹ̀ láyé àtijọ́ ni, kuọ́tísì, fẹ́lísípà, máíkà, túmálíìnì, nǹkan wọ̀nyẹn ni wọ́n ń bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé èyí tó pọ̀ jù nínú chalcanthite rírẹwà tí wọ́n ń tà kiri àgbáyé fáwọn tó ń kó òkúta jọ, èèyàn ló hù ú. Wọ́n á yọ́ kọ́pà sọ́fétì sínú omi gbígbóná títí kò fi ní gbà mọ́, wọ́n á so ẹyọ kékeré mọ́ òwú sínú ẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tẹ́nì kan ò ní mì í, á máa tóbi lójoojúmọ́. Dídagun tẹ́ ẹ rí yẹn, bó ṣe máa ń hù nìyẹn, nínú kírísítà yìí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dọ́gba, kò sì sí èyí tó gún régé nínú wọn.

Ti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ náà lẹ́wà. Gbogbo òkúta tí iná ń gbà kọjá ló ní ìwọ̀n bó ṣe ń tẹ iná, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn tó ń ra jẹ́ḿsítóònù fi ń kà á. Kọ́pà sọ́fétì yìí ní mẹ́ta, 1.514, 1.537 àti 1.543, ó sinmi lórí apá ibi tí iná bá gbà wọlé. Túmálíìnì ní méjì, wọ́n wà láàárín bíi 1.62 sí 1.64. Ibi tí nọ́ńbà yín ì bá ti jáde yàtọ̀ pátápátá, gíláàsì fèrèsé lásán lẹ ì bá rò pé ẹ ń wọ̀n, torí 1.52 ni tiẹ̀. Ìyẹn náà ló fà á tí dídán ẹ̀ fi dà bíi ti gíláàsì. Funfun tí bọ̀dá sì rí nígbà tó fi abẹ́rẹ́ ha á, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bí kírísítà bá ṣe kéré sí ni búlúù tó wà lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ á ṣe kéré sí.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n pé òkúta yìí kì í ṣe òkúta yẹpẹrẹ o, bí kò tiẹ̀ lówó lórí. Lọ́dún 1912, ní Munich ní Jámánì, kírísítà kọ́pà sọ́fétì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Friedrich àti Knipping, gbé síwájú X-ray nígbà tí Max von Laue, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi tiwọn, dábàá pé X-ray á fọ́n ká tó bá gba inú kírísítà kọjá. Ó fọ́n ká lóòótọ́, àmì tóótòòtó jáde lórí fíìmù, ibẹ̀ ni ayé ti rí ẹ̀rí pé àwọn átọ́ọ̀mù tò lẹ́sẹẹsẹ nínú kírísítà, Laue sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1914. Bí a ṣe ń fi X-ray mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú òkúta lónìí, láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́pà sọ́fétì tí ẹnì kan fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ yín nìyẹn.

ÌyáOlókòkó:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ̀wé bíi tiyín àmọ́ nǹkan yẹn, a mọ̀ ọ́n dáadáa lóko. Bàbá wa tó kó kòkó lé wa lọ́wọ́ ń rà á ní báàgì. Tí òjò bá pọ̀ tí àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èso kòkó di dúdú lórí igi, òun àti láìmù (ìyẹ̀fun funfun, kì í ṣe èso) ni wọ́n máa ń pò pọ̀ tí wọ́n fi ń fín oko. Àwọn ọmọ mi sọ fún mi pé ará Faransé kan ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún oko àjàrà wọn, lọ́dún 1885, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọmọ mi ỌmọAdó, ohun tó o fi ń bi wá nípa ọmọ kékeré yẹn ni mo ṣe dá sí i. Májèlé ni. Tí èèyàn bá gbé e mì á máa bì, á jẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, àwọ̀ ẹ̀ sì dára lójú ọmọdé, ọmọdé á rò pé súìtì ni. Má jẹ́ kó sùn mọ́ inú kíṣíìnì yín lónìí. Síbí yẹn, jù ú nù. Ọ̀rá tó wà lórí síkéèlì, jù ú nù, kẹ́ ẹ sì fọṣẹ fọwọ́ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí ojú yín, tójú bá kàn án á máa ta gan-an. Aṣọ tí ìyàwó ẹ fi nù ún, má fi í nu abọ́ mọ́.

Má dà á sódò náà. Ó máa ń pa ẹja. Bàbá wa ò jẹ́ ká fọ tánkì ìfín kòkó létí odò nítorí ẹ̀. Má sì fi í sínú agolo irin tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì irin, ike ni kó o lò, torí ó máa jẹ irin. Tó o bá fi ìṣó sínú omi ẹ̀, bó o bá padà wá wà á bá ìṣó yẹn tó ti pọ́n bíi bàbà.

TísàKẹ́mísìrì:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín Mama. Bàbà gidi ló ń so mọ́ ìṣó yẹn, irin á wọ inú omi, bàbà á jáde. Mo máa fi kún ti ọdún yìí fáwọn ọmọ kíláàsì mi.

ỌmọAdó, ọkùnrin yẹn ní kó o má fomi fọ̀ ọ́. Ẹni tó ti wa túmálíìnì rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀, omi la fi ń fọ túmálíìnì kúrò nínú ẹrẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún un ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn o, ṣùgbọ́n ẹnì kan níbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

ỌmọAdó:
Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ ṣeun. A ti kó gbogbo ẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, ó wà lókè àjà. Láàárọ̀ ọ̀la mo máa dá a padà fún un, mo máa tan iná sí ẹyọ kékeré kan lójú ẹ̀, kó fúnra ẹ̀ rí i.

AwakùsàÌjerò:
Jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ lé ẹ lọ. Tó o bá ṣì fẹ́ ra túmálíìnì, wá sí Ìjerò lọ́sàn-án, mú abẹ́rẹ́ àti omi dání, ẹni tó bá ní gidi kò ní bínú pé o fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.